Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn Lórí Yìnyín

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún Màmá lórí fóònù nígbà tí mo dé Kánádà ni pé mo rìn lórí odò. Ó ní kí n gbé fóònù fún bàbá mi. Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ pé, "Rárá, ara rẹ̀ le. Òótọ́ ló ń sọ. Omi ibí máa ń dì." Ó gbé fóònù fún mi padà. Màmá ní, "Ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o wá rìn lórí odò, sọ fún un pé ìyá ẹ ní o ò gbọdọ̀." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún padà sórí odò náà.

Ìlú tí a ń gbé kéré, ó wà láàárín pápá gbalasa kan tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀ ní ọdún mẹ́ta, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran ńlá kan, ẹran ló ń gé láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Màmá kò bá wa lọ nítorí pé ìyá tirẹ̀ ti fọ́ lójú, kò sì sí ẹlòmíì tí yóò máa fà á lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràṣídì, tó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, dúró tì í nílé, ní Ìdógò.

Àwọn ènìyàn rò pé òtútù ló yà mí lẹ́nu jù. Òtútù náà mú mi, n kò ní purọ́, ó di ọjọ́ kẹrin kí n tó gbà pé kò ní í kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lóye ni bí àgbàlagbà ṣe ń kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kí i. Lọ́jọ́ tí Bàbá mú mi lọ sílé ìwé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá àgbà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀, tèmi ti aṣọ òtútù ńlá tí wọ́n dì mọ́ mi lára. Obìnrin náà lọgun, ó sáré kúnlẹ̀ tì mí, ó rò pé mo dákú ni. Wọ́n sáré gbé omi ọsàn wá. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi sì mu omi ọsàn náà tán nítorí pé ó dùn.

Tí ilé ìwé bá parí, Bàbá kò ní í tíì dé, ilé á sì pa lọ́lọ́. Ibi kan ṣoṣo tó máa ń wà ní ṣíṣí tí kò gbowó ni ilé ńlá tí wọ́n ti ń gbá họ́kì orí yìnyín. Mo máa ń jókòó níbẹ̀ nítorí pé ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Bàbá arúgbó kan ló ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń mú kí yìnyín náà tẹ́jú. Nínú gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ni mo máa ń kí tó máa ń dúró dáhùn. Lọ́jọ́ kan, ó gbé bàtà onírin kan tí ẹnì kan gbàgbé wá fún mi, bàtà tí irin abẹ́ rẹ̀ rí bí ọ̀bẹ, ó ní, "O ti wò ó tó. Wọ̀ ọ́."

Mo ṣubú. Ìdí mi ti mọ gbogbo igun pápá yẹn kí ẹsẹ̀ mi tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sáré síwájú dáadáa, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn sáré, ohun tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń fi ọdún púpọ̀ kọ́. Bàbá arúgbó náà mi orí, ó ní ibi tí Ọlọ́run dá mi sí nínú eré náà ti hàn.

Mo ní láti ṣàlàyé eré náà díẹ̀. Àwọn márùn-ún ló máa ń sáré ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á máa ṣọ́ àwọ̀n. Méjì nínú àwọn márùn-ún náà jẹ́ adènà. Tí alátakò bá ń bọ̀ pẹ̀lú róbà dúdú pẹlẹbẹ tí a fi ọ̀pá ń gbá, adènà kì í kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn ló máa ń fi sáré, ojú rẹ̀ á wà lára onítọ̀hún, títí yóò fi rí ibi tó ti máa fi èjìká gbá a kúrò lọ́nà. Fífi ara gbá ènìyàn kò lòdì sí òfin níbẹ̀, bí o bá ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún adènà lé lórí gan-an nìyẹn.

"Eré wo ni wọ́n ń fi ẹ̀yìn sá?" Màmá bi mí lórí fóònù. "Ṣé alákàn ni yín ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni alákàn ń gbà, Màmá."

"Ẹ ò rí i! Alákàn gan-an gbọ́n jù yín lọ."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ṣe ní Ìdógò kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí pé òun ló bá mi dé orí yìnyín.

Ìlú wa ni ojú irin àtijọ́ parí sí. Ọkọ̀ ojú irin kò wá mọ́ nígbà tèmi, ṣùgbọ́n pèpéle sìmẹ́ńtì tí àwọn èrò ń dúró lé ṣì wà níbẹ̀, irin méjèèjì náà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, koríko ti bò wọ́n. Orí pèpéle náà la ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kúrò nílé, Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì wá bá mi níbẹ̀. Màmá ń dín gàrí, ó ní kí n wá gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó lọ síbi ẹ̀rọ. Mo ní mò ń bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mò ń bọ̀ kọ́, pé kí n máa lọ báyìí. Ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Inú bí mi. Mo sáré láti ẹ̀yìn, mo fi èjìká tì í. Ó ṣubú láti orí pèpéle bọ́ sórí irin, apá rẹ̀ òsì há sábẹ́ ara rẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun náà. Mo sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́, mo sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀.

Màmá ló wá fà mí jáde. Kò nà mí, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́, ó ní kí n fi ahọ́n kàn án. Mùsùlùmí ni wá, ká ní Bàbá wà nílé ni, ì bá bínú. Ṣùgbọ́n ní ilé ìyá mi, bí ọ̀rọ̀ bá ti le, irin ni wọ́n fi ń búra. Ó ní, "Kò sí ẹni tó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí tí wàá tún gbé ṣubú láyé ẹ. Sọ ọ́ kí n gbọ́." Mo sọ ọ́. Omi ẹ̀gẹ́ ṣì wà lára ọ̀bẹ náà, ó korò.

Wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Ìhúnbọ̀. Ibẹ̀ ló wà fún gbogbo ọjọ́ tó kù tí mo fi wà nílé. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, Màmá á ní ká jọ lọ wò ó, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, inú á máa run mí. Mo kúrò nílé láìrí i. Apá náà san, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Tí mo bá pe Màmá tí òun ló gbé e, á ní, "Ṣé dáadáa ni?" Mo máa ń ní, "Dáadáa ni, Ẹ̀gbọ́n." Á ní, "Ó dáa. Màmá rèé." Mo máa ń fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀, ojú á sì tún tì mí fún ọpẹ́ náà.

Fún ọdún mẹ́wàá, ìbúra yẹn kò dí mi lọ́wọ́ rárá. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ń bá ọmọ ọdún méjìlá gbá a. Ojúgbà mi ni gbogbo ẹni tí mo bá gbá lulẹ̀, mo sì gbá wọn lulẹ̀ gan-an. Mo ga, mo sanra níbi tó yẹ kí ènìyàn sanra, èjìká mi kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó gbà mí síṣẹ́. Kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí gbogbo ayé ń wò. Ìlú kékeré ni, bọ́ọ̀sì la fi ń rìn, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án nígbà mìíràn. Síbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni, Bàbá sì fi fọ́tò mi tí mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà han gbogbo ẹni tó ń bá a gé ẹran.

Mo gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù agẹrun. N kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú náà. Mo ra gàrí ní ìlú ńlá kan lójú ọ̀nà, mo sì ń fi pamọ́ bí ẹni tó ń tọ́jú oògùn. Gàrí náà kò kan tó, kò lè jẹ́ gàrí ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ohùn tó máa ń ní nínú abọ́ tí omi bá kàn án, ohùn ilé ni. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tọ́ ọ wò nínú bọ́ọ̀sì, ó ní ó dà bí iyanrìn tí wọ́n fi ṣúgà sí. Mo ní kó dá iyanrìn mi padà.

Ibẹ̀ ni ìbúra mi ti wá bá mi. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá ìmúra wa: orúkọ àwọn alátakò, bí wọ́n ṣe ga tó, bí wọ́n ṣe wúwo tó, ọdún tí wọ́n bí wọn. Àwọn yòókù máa ń wo ìwúwo. Èmi ń wo ọdún ìbí. Ọmọ ogún ọdún ni mí, ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta ni wọ́n, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá ń dọ́gbọ́n. Mo ń fi ọ̀pá gba róbà lọ́wọ́ wọn, mo ń darí wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara mi kì í kan tiwọn. Fún oṣù kan, wọ́n rò pé ọgbọ́n eré ni.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni, mo ti kà á lára ìwé. Èmi kọ́ ni mo kọ lù ú, òun ló sáré wá kọ lù mí, òun náà ló sì ṣubú. Ó ṣubú sí apá òsì. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì gbàgbé ibi tí mo wà. Mo ju ọ̀pá mi sílẹ̀, mo tẹ orúnkún mi ba, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde. Mo ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ní Yorùbá. Ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Níbi tí mo ti ń gbọn yìnyín kúrò lára aṣọ rẹ̀, róbà gba ẹ̀yìn mi wọ inú àwọ̀n. Gòólù kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi nà wá.

Kóòṣì wa kì í pariwo. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí, ó fi fídíò náà hàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Àgbàlagbà ni, sà."

"Àgbàlagbà tó wá gba oúnjẹ ẹnu ẹ." Ó pa fídíò náà. "Ó ku eré mẹ́ta. Tí o kò bá lè gbá ènìyàn kúrò lọ́nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ náà á kúrò lọ́nà fún ẹlòmíì."

Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń dúró dè mí. Tí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, ilé ìpẹran ni, kí n gba ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Nínú eré àkọ́kọ́, mo pinnu pé n óò ṣe é, ṣùgbọ́n bí mo ti ń súnmọ́ ọkùnrin náà ni ẹnu mi korò, èjìká mi sì yà fún un. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì náà, bákan náà ni. Ó wá ku ẹyọ kan. Mo pe Màmá.

"Màmá, ṣé ẹ rántí ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ yẹn?"

"Mo rántí. Ta lo tún gbé ṣubú?"

"Mi ò tíì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ìyẹn gan-an ni wàhálà."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi dópin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí ìyá ṣe ń bi ọmọ tó fẹ́ fẹ́yàwó. "Àwọn àgbàlagbà yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé o ń bọ̀ wá kọ lù wọ́n?"

"Wọ́n mọ̀, Màmá."

"Ṣé àwọn náà lè kọ lu ìwọ?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Wọn ò tíì ṣe ẹ́ léṣe, àbí?"

"Eyín kan ló yọ."

"Eyín! Ti iwájú àbí ti ẹ̀yìn?"

"Ti iwájú."

"O ò sì sọ fún mi! Ọmọ yìí, ṣé o ti wá ń fi ahọ́n dí àlàfo báyìí?" Ó bínú sí eyín yẹn fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà sórí ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Èmi ni mo mú ẹ búra lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣubú. Mi ò lè tú u. Pe ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gbé fóònù sókè tí mo sì ń gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti kóòṣì mọ́. Ẹ̀gbọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe ní Ìlaró nígbà náà. Nígbà tó gbé e, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bèèrè nígbà tí fóònù òun á ṣe tán.

"Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Màmá ò sí lọ́dọ̀ mi o."

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ó ní kí oníbàárà náà jọ̀ọ́ fún òun láàyè díẹ̀. Mo sọ ohun tó wà nílẹ̀, láti orí kóòṣì títí kan ọ̀bẹ. Mo rò pé ẹnu á yà á.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo máa ń wò ẹ́ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún mi. Mo rí i pé o kàn ń yà fún wọn ni. Mo ní, àbúrò mi yìí, ṣé ó ń dínà ni àbí ó ń ṣínà?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣe é ṣe. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó dùn mí?"

"Apá yín ni."

"Apá dùn mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wo ni kì í ṣubú? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ ní Ìhúnbọ̀ kó o tó lọ, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò. Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé, mo rò pé ìwọ ni. Ewúrẹ́ kan wọlé lọ́jọ́ kan, mo gbé orí sókè."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gbé fóònù kúrò lẹ́nu kó má baà gbọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ó gbọ́, nítorí ó dúró dè mí.

"Ó tó," ó ní. "Fetí sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ẹ bá ní kó o gbé wọn ṣubú, gbé wọn ṣubú. Èmi tí mo ṣubú ni mo sọ bẹ́ẹ̀, irin ò ní í bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n má sá. Tí eré bá ti parí, lọ wo ẹni tí o gbé ṣubú. Dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ kó rí ojú ẹ."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Oníbàárà mi ń dúró."

Ẹgbẹ́ onírùngbọ̀n funfun náà la tún bá pàdé nínú eré kẹta. Ó ń bọ̀ láti àárín pápá, ó tẹrí ba, èmi sì ń fi ẹ̀yìn sáré, ojú mi wà láyà rẹ̀. Ẹnu mi kò korò. Nígbà tó gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mo pàdé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èjìká mi, ògiri pákó tó yí pápá ká sì mì. Ó lọ sílẹ̀. N kò dúró, mo gbá róbà náà lọ fún àwọn tiwa. Kóòṣì fa ìlà kan sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, mo fi sílípáàsì mi lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn alátakò wa. Mẹ́ta nínú wọn dìde, wọ́n rò pé ìjà ni mo bá wá. Ọkùnrin náà jáde sí mi, ó gbé lailọ́ọ̀nù yìnyín lé èjìká.

"Kí lo fẹ́?"

"Mo wá wò yín ni. Èjìká ńkọ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló rán ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká fi dùn ún, ó wá fún mi láyè lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ ABD, pé gbogbo ènìyàn ló ti gbá òun lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó wá bèèrè ara òun rí. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì wọn fi fẹ́ lọ.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mo sì pa òfin Ẹ̀gbọ́n mọ́. Bí mo bá gbé ẹni tó jù mí lọ ṣubú, mo máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Àlejò. Àwọn kan bú mi, ọ̀kan da omi sí mi lára, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a máa pa ìjókòó mọ́ dè mí. N kò di olókìkí. Adènà kì í sábà jẹ gòólù, tèmi àkọ́kọ́ gan-an, ìdí alátakò ló bà kó tó wọlé, Màmá sì ní gòólù ni gòólù ń jẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n fi fídíò mi hàn án níbi tí mo ti rú òfin tí wọ́n ní kí n lọ jókòó sínú àpótí ìjìyà onídígí fún ìṣẹ́jú méjì. Màmá pè mí pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé kí ni mo jí tí wọ́n fi tì mí mọ́ inú dígí.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ibẹ̀ ti di ilé mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn kò pàdánù ibi tó ti kúrò, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ń jìnnà sí i ni. Mo mọ gbogbo ọ̀nà ìlú kékeré yẹn, mo ní ìwé ìrìnnà wọn, mo ń bínú tí yìnyín bá pẹ́ kó tó dì. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò padà sí Ìdógò. Ní ọdún kan, ìwé ni. Ní òmíràn, ìdánrawò ni, tàbí eegun ìhà tó sán. Àwíjàre kì í wọ́n ẹni tó bá ń wá a. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ènìyàn tán, ó ku ti ẹnì kan, ti ẹni yẹn sì ń dẹ́rù bà mí.

Ọmọdé kan nínú àwọn alátakò wa ló fòpin sí iṣẹ́ mi. Ó gbá mi bó ṣe yẹ, kò rú òfin kankan, orúnkún mi ló yí. Dókítà ní ó ti parí. Mo jókòó sínú yàrá ìmúra, wọ́n ti di ẹsẹ̀ mi, gbogbo ènìyàn ti ń kó ẹrù, mo sì wá rí i pé ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò. Tí ẹnì kan bá kọjá, mo máa ń gbé orí sókè. Ọmọ náà kò wá. N kò bínú sí i, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Ìhúnbọ̀ jẹ́ nígbà náà, mo sì mọ̀ pé n kò ní àwíjàre kankan mọ́.

Nígbà tí mo dé Ìdógò, Màmá ní kí n la ẹnu, ó ka eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sunkún, ó wá bu gàrí fún mi, gàrí tó kan dé gbòǹgbò ahọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ìlaró. Màmá ní òun lè pè é kó wá sílé. Mo ní rárá, èmi ló yẹ kí n lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, ó wà láàárín aránṣọ àti ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba sórí fóònù kan tó tú palẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Apá òsì rẹ̀ tẹ̀ sórí tábìlì bí ìkọ́, ó fi ń di fóònù náà mú, ọ̀tún sì ń ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbé orí sókè, ó rò pé oníbàárà ni mí, ó ní kí n máa bọ̀. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "mo wá wò yín ni. Apá ńkọ́?"

Ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí pẹ́, ó wo orúnkún mi tí mo dì, ó tún wo ojú mi.

"Ó ti san," ó ní. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi. "Wọlé wá jókòó. Mo kúkú rò pé ewúrẹ́ ni."